Ilẹ̀ Ọ̀dàn Wo Ló Bá Yín Mu? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Fojú Ara Rẹ̀ Rí I

Orúkọ ẹranko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ yan ilẹ̀ ọ̀dàn tí wọ́n máa lọ wò. Wọ́n á ní kìnnìún làwọn ń wá, tàbí erin, wọ́n á wá orílẹ̀-èdè tó ní in, oṣù yòówù tí ìsinmi bá bọ́ sí ni wọ́n á sì lọ. Èmi a máa yí i padà: oṣù ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè. Odò kan náà tí erin àti ìmàdò kún etí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wà láàárín koríko tó ga ju ènìyàn lọ bí òjò bá dé, kí ẹ wakọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ má rí ju ẹyẹ lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí omi wà lóṣù kan ti mọ ibi tí ẹranko wà.

Ohun tó so gbogbo ọ̀dàn ilẹ̀ olóoru pọ̀ kò ju mélòó kan lọ: koríko tó bo ilẹ̀, igi tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín rẹ̀, òjò oṣù mélòó kan, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tó ń tẹ̀ lé e, àti iná. Wọ́n gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ ayé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí kò jẹ́ kí igi gba ilẹ̀ pátápátá. Níbì kan, òjò ni kò tó. Níbòmíràn òjò tó, àmọ́ iná ń jó igi kéékèèké kí wọ́n tó ga. Níbòmíràn, ẹnu erin àti àgùnfọn ni, tàbí kó jẹ́ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kò gba gbòǹgbò. Èyí tó bá lágbára jù nínú wọn ló ń pinnu irú ìran tí ẹ máa bá níbẹ̀.

Kí ẹ tún fi sọ́kàn pé ìgbà kò bá ara wọn mu kárí ayé. Ní gúúsù ìlà tó pín ayé sí méjì, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àríwá rẹ̀, oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wà lẹ́bàá ìlà náà gan-an, ó sì ń rí òjò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Serengeti àti Okavango

Àwọn méjì yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé kojú ara wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní Serengeti, ẹranko ló ń tọ omi lọ. Ní Okavango, omi ló ń tọ ẹranko wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Serengeti ní Tanzania ṣáájú. Ọdún 1951 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ ẹranko, ó sì fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 14,763. Ààlà orí ìwé yìí kò kan àwọn ẹranko: wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá sí Maasai Mara ní Kenya, wọ́n sì ń padà wá. Wildebeest, ẹran ìgbẹ́ oníwo tó ní irùngbọ̀n, lé ní mílíọ̀nù kan níbẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tó nǹkan bí 200,000, èsúró sì pọ̀ lọ jàra. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí ilẹ̀ náà po, tí wọ́n ń tọ ipasẹ̀ òjò.

Apá gúúsù rẹ̀ ló wù mí jù. Pápá gbalasa ni, koríko rẹ̀ kúrú, kò sì sí igi títí dé ibi tí ojú lè rí. Eérú tí àwọn òkè ayọnáyèéfín agbègbè Ngorongoro ti tu síta láti ayébáyé ló dì bíi sìmẹ́ǹtì lábẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò igi kò lè gún un. Eérú yìí kan náà ló fi kálísíọ́ọ̀mù àti phosphorus sínú koríko, ohun tí abiyamọ ẹran nílò kó tó lè fún ọmọ lọ́mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn wildebeest fi ń lọ bímọ síbẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú wọn sì ń bí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kejì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n bá bí fi ń dìde dúró, torí ìkookò àti kìnnìún wà nítòsí. Bí wọ́n ṣe ń bí pa pọ̀ yẹn gan-an ni ààbò wọn: àwọn apẹran á jẹ, wọ́n á yó, ọmọ á sì ṣẹ́kù.

Oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni tàwọn tó ń wá odò Mara. Agbo á dé etí odò, wọ́n á dúró, ọ̀kan á bẹ́, ìyókù á tẹ̀ lé e sínú omi tí ọ̀nì ti ń retí wọn. Àwòrán èyí ló gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwòrán kì í fi ọkọ̀ tó tò lọ rẹrẹ ní bèbè odò hàn, kì í sì í fi ọjọ́ tí agbo máa dúró láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀, tí wọ́n á sì yí padà láìfi ẹsẹ̀ kan omi hàn. Bó bá jẹ́ tèmi ni, oṣù kejì ni mo máa mú.

Ìtàn kan wà nípa Serengeti tí kò yẹ ká fò. Ní àwọn ọdún 1890, àrùn rinderpest tó bá màlúù wọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pa màlúù àti ẹran ìgbẹ́ nípakúpa. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún màlúù káwọ́ àrùn náà ní àwọn ọdún 1960, wildebeest tí kò ju nǹkan bí 250,000 lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, wọ́n sì ti lé ní mílíọ̀nù kan kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Ẹnu tó pọ̀ jẹ koríko kúrò nílẹ̀, iná kò wá rí ohun tó pọ̀ jó mọ́, igi kéékèèké sì ráyè dàgbà. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ màlúù wà lára ohun tó gbin díẹ̀ nínú igi tí ẹ máa rí ní Serengeti lónìí.

Okavango ní Botswana ń kọ́? Orí òkè ní Angola ni òjò rẹ̀ ti ń rọ̀, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ilẹ̀ tí omi náà ń gbà tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé oṣù mélòó kan ló fi ń rìn, kò sì ní dé òkun láéláé: yanrìn Kalahari àti oòrùn ló ń mu ún tán. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ló máa ń kún jù, ìyẹn ní àkókò tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Erin, ẹfọ̀n àti oríṣiríṣi ẹran oníwo á wá ya bò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù inú rẹ̀ ló jẹ́ pé òkìtì ọ̀gán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ikán mọ òkìtì, omi yí i ká, ẹyẹ àti ẹranko gbé kóró èso débẹ̀, igi hù. Lọ́dún 2014 ni UNESCO fi í sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, òun ló sì sọ iye wọn di ẹgbẹ̀rún kan.

Ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní mokoro ni wọ́n fi ń gbé àlejò wọ inú rẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn á máa fi ọ̀pá tì í lọ. Ẹ kì í ríran jìnnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rí, ẹ̀gbẹ́ yín ló wà. Erinmi wà nínú omi náà, kì í sì í ṣe ẹran eré, nítorí náà ẹ gbọ́rọ̀ sí atukọ̀ lẹ́nu.

Bí ẹ bá ń wá ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ àti ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ẹ lọ sí Serengeti. Bí ẹ bá ń wá omi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ajá igbó Áfíríkà, aláwọ̀ tótòtó tó ti ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, ẹ mú Okavango. Ní ti erin, kò sí ohun à ń jiyàn lé: Botswana ló ní èyí tó pọ̀ jù láyé, nǹkan bí 130,000, etí odò Chobe ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá sì ni kí ẹ ti lọ wò wọ́n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Méjì mìíràn wà ní apá gúúsù Áfíríkà tí mo máa dárúkọ lẹ́sẹ̀ kan. Kruger ní South Africa, tó ti jẹ́ ọgbà láti ọdún 1926, wà fún ẹni tó fẹ́ wakọ̀ ara rẹ̀: ọ̀nà ọ̀dà wà, ẹ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni máa mú yín kiri. Igi ibẹ̀ dí ju ti Serengeti lọ, nítorí náà ẹ dúró di oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án tí ewé ti rẹ̀ dànù. South Luangwa ní Zambia wà fún ẹlẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni Norman Carr ti sọ ìrìn ẹsẹ̀ láàárín ẹranko di ohun tí àlejò ń wá ṣe. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í rí ẹranko tó pọ̀ tó ti ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ka ipa ẹsẹ̀, á gbóòórùn ẹfọ̀n kó tó rí i, á sì mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ní gbogbo ìgbà.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ẹni tó fẹ́ràn igi

Màá sọ òótọ́: ẹni tó ń wá ẹranko rẹpẹtẹ, kó má fi ibí yìí ṣe àkọ́kọ́. Kò sí wildebeest níbẹ̀, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní W-Arly-Pendjari, àwọn ọgbà ẹranko tó so mọ́ra wọn tí Benin, Burkina Faso àti Niger jọ ní. Ọ̀ràn ààbò ti ba ibẹ̀ jẹ́ fún arìnrìn-àjò láti bí ọdún mélòó kan, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ báyìí. Ní Niger náà ni àgùnfọn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà, nítòsí Kouré. Ó ku 49 péré ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ti lé ní 600 báyìí, láàárín àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ̀ kiri.

Igi ni ọ̀dàn yìí fi ta àwọn yòókù yọ. Igi òrí, igi igbá, osè, ayin: púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe igi inú igbó lásán. Àgbẹ̀ ló ṣán ilẹ̀ tó dá wọn sí, ọmọ rẹ̀ dá wọn sí lẹ́yìn rẹ̀, títí tí oko àti ọ̀dàn kò fi ní ààlà mọ́. Iná ń kọjá lábẹ́ wọn lọ́dọọdún, èèpo ara wọn tó nípọn ni kò jẹ́ kí wọ́n kú. Bó bá jẹ́ bí ènìyàn ṣe ń bá ilẹ̀ ọ̀dàn gbé pọ̀ ni ẹ fẹ́ kọ́, n kò mọ ibòmíràn tó dára jù ú.

Ní ti ẹranko, Mole ní Ghana ni kí ẹ mú. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, erin máa ń wá mu omi nísàlẹ̀ òkè tí ilé àlejò wà, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò wọ́n pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn. Yankari ní Nàìjíríà náà ní erin, ó sì ní ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti Wikki. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò, ẹ fo oṣù kejìlá àti oṣù kìíní dá: ọyẹ́ á ti fi eruku bo gbogbo ojú ọ̀run.

Cerrado àti Llanos

Cerrado ní Brazil fẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì jẹ́ ọ̀dàn tí àwọn tó ti lọ sí Serengeti máa ń fojú kéré nítorí pé agbo ẹran kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹran ńláńlá Gúúsù Amẹ́ríkà ti kú tán láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ohun tó kù ni irúgbìn, ó lé ní 10,000 oríṣi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sí níbòmíràn láyé. Ilẹ̀ ibẹ̀ kan, alumíníọ́ọ̀mù sì pọ̀ nínú rẹ̀. Igi wọn wọ́, wọn kì í ga, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn wọlẹ̀ jìnnà gan-an láti wá omi. Bí iná bá jó ilẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni òdòdó ti ń yọ nínú eérú.

Ẹranko wà, kìkì pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rìn: lobo-guará tó jọ ajá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kó lè máa ríran lókè koríko, ajẹkán ńlá ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹyẹ rhea tó fara jọ ògòǹgò. Ìran tí mo máa torí rẹ̀ yan ibẹ̀, alẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ní ọgbà Emas, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ kòkòrò kan tó ń gbé lára òkìtì ọ̀gán á tan iná aláwọ̀ ewé láti fi tan ikán tó ń fò jáde jẹ. Òkìtì lẹ́yìn òkìtì á máa tàn nínú òkùnkùn. Oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá ni, kò sì sí ẹni tó lè bá yín dá ọjọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí Cerrado kó má fi falẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 tí wọ́n ti rí i pé ẹfun ilẹ̀ lè pa kíkan ilẹ̀ náà, soya àti pápá màlúù ti gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀.

Llanos, tí Colombia àti Venezuela jọ pín, kò ṣòro láti ṣàlàyé. Omi ń bò ó nígbà òjò, oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ló ń gbẹ, ohun gbogbo á sì kóra jọ sí ìwọ̀nba adágún tó kù: ejò anaconda, ọ̀nì, ẹyẹ pupa fòò, àti capybara, tó tóbi jù nínú gbogbo ìran eku ayé. Apá ti Colombia ló rọrùn láti dé.

Àríwá Ọsirélíà: iná

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ iná lẹ fẹ́ rí, Kakadu ni kí ẹ lọ. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 20,000, àwọn Bininj àti Mungguy tó ni ilẹ̀ náà sì ń pín ọdún sí ìgbà mẹ́fà. Wọ́n máa ń fi iná kéékèèké jó koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kí iná ńlá má bàa rí nǹkan jó bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà a máa sọ pé àwòdì ń gbé igi tó ń jó láti ibì kan sọ sí ibòmíràn kó lè lé ẹran kéékèèké jáde, àwọn onímọ̀ ẹyẹ sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Koríko gamba ló ń dààmú ilẹ̀ náà báyìí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mú un wá fún màlúù. Nílé rẹ̀, ẹnu ẹran pọ̀ tó ń jẹ ẹ́. Ní Ọsirélíà, ó ga tó mítà mẹ́rin, iná rẹ̀ sì gbóná ju ti koríko ìbílẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, débi pé igi eucalyptus tó ti mọ́ iná lára pàápàá ń kú. Mo mọ̀ pé ẹ lè má torí koríko rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán àtijọ́ lára àpáta wà ní Ubirr, òkìtì ikán tó kọjú sí àríwá àti gúúsù bí ìlà wà ní Litchfield, kangarú wà, ọ̀nì omi iyọ̀ náà sì wà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ò gbọdọ̀ wẹ̀ níbi tí wọn kò bá kọ ọ́ sí pé ó láàbò.

Kaziranga ní Íńdíà ni mo fi parí àwọn ibi, ní ṣókí. Kìlómítà onígun mẹ́rin 430 péré ni ọgbà tó di ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1985 yìí, àgbáǹréré oníwo kan tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 2,600 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2022. Koríko ibẹ̀ ga ju erin kékeré lọ. Wọ́n máa ń tì í lásìkò òjò ńlá.

| Ibi | Oṣù | Ohun tí ẹ máa rí | Ohun tó lè bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| Gúúsù Serengeti | Kejì | Ìbí wildebeest, apẹran | Òjò bí ẹ bá sún un di kẹrin |
| Odò Mara | Keje sí kẹwàá | Agbo tó ń la odò | Èrò. Ọjọ́ tí agbo ò ní rékọjá |
| Okavango | Kẹfà sí kẹjọ | Omi, ajá igbó | Òtútù òwúrọ̀ |
| Chobe | Kẹsàn-án, kẹwàá | Erin | Ooru |
| Mole | Kejì sí kẹrin | Erin, igi òrí | Ooru tó mú gan-an |
| Emas | Kẹwàá, kọkànlá | Òkìtì tó ń tàn | Òjò tó pẹ́ kó tó dé |
| Llanos | Kejìlá sí kẹta | Capybara, ẹyẹ omi | |
| Kakadu | Karùn-ún sí kẹwàá | Àpáta, ẹyẹ omi, iná | Ọ̀nà tí omi gbà tí ẹ bá lọ nígbà òjò |
| Kaziranga | Kọkànlá sí kẹrin | Àgbáǹréré | Koríko gíga ní ìbẹ̀rẹ̀ |

Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ nìkan ni ẹ ráyè, gbogbo apá gúúsù ayé ló ṣí sílẹ̀ fún yín, àmọ́ gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ oṣù kejìlá, ẹ mú Llanos tàbí gúúsù Serengeti, níbi tí agbo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Oṣù kẹrin ló le jù láti yàn fún: òjò ńlá wà ní Serengeti, ọ̀nà Kakadu ṣì wà lábẹ́ omi, Okavango kò tíì kún. Mole tàbí Kaziranga ló kù fún yín.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹyẹ lẹ̀ ń wá, ẹ má fi gbogbo ohun tí mo sọ nípa Okavango àti Kruger ṣe ìtọ́sọ́nà, torí òdìkejì rẹ̀ ló bá yín mu. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù ti dé, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti wọ ìyẹ́ tí wọ́n fi ń wá aya, tí ibùdó àlejò sì ti ṣófo díẹ̀.